Ṣé ká pa gúrúùpù WhatsApp mọ̀lẹ́bí wa rẹ́ ni?

Ìbéèrè

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni mò ń gbé, èmi sì ni àkọ́bí nílé wa. Nígbà ìsìnkú bàbá àgbà wa ní 2017 la dá gúrúùpù WhatsApp mọ̀lẹ́bí sílẹ̀, a sì ti pé 73 báyìí: Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, London àti Houston. Láti ìgbà náà, a kì í fi bẹ́ẹ̀ pe ara wa mọ́, ká má tíì sọ ti pé ká yà kí ara wa nílé. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, máa ń da oríṣiríṣi nǹkan síbẹ̀ láti aago márùn-ún ìdájí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni owó aṣọ ẹbí ti dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí àǹtí wa kan kú n'Ìbàdàn, orí sítátọ́ọ̀sì ìbátan kan ni ọmọ rẹ̀ tó wà ní London ti rí i, kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Màmá wa ti pé ọdún 71, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n wà, fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni wọ́n ń lò, wọn kò sí nínú gúrúùpù rárá. Àwa márùn-ún la jẹ́ ọmọ wọn. Ṣé ká pa gúrúùpù yìí rẹ́ ni? Bí a kò bá pa á rẹ́, báwo la ṣe máa tò ó?"

Ìdáhùn

Ẹ kú ara fẹ́ra kù ti àǹtí yín, mà. Ọlọ́run á dẹ̀yìn wọn.

Ẹ má pa gúrúùpù náà rẹ́. Bí ẹ bá pa á rẹ́ láàárọ̀, ẹlòmíì á ti dá òmíràn sílẹ̀ kó tó di alẹ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ariwo jù nínú ẹbí ni yóò jẹ́ ádímíìn rẹ̀. Iṣẹ́ tó wà níwájú yín ni kí ẹ fi irú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà tó yẹ ẹ́. Nílé yín báyìí, ìkíni, àdúrà, ìtúfọ̀, owó, ìjà, ẹ̀fẹ̀ àti fídíò ọmọ tó ń jó, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, iwájú àgbà, ọmọdé, ìyàwó ilé àti àna ni wọ́n sì ń bọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rọ ayélujára ló jẹ́ kí ará ìlú ńlá dẹ́kun bíbá ara wọn sọ̀rọ̀ kò wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń kọ́kọ́ gbọ́, àti ojú ẹni tí a ti ń sọ ọ́. Kí GSM tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ẹni tó bá fẹ́ ránṣẹ́ láti Èkó sí Ìjẹ̀bú-Òde á fi lẹ́tà rán awakọ̀ ní gáréèjì, á lọ tò ní ọ́fíìsì NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, tàbí kó kúkú gbéra. Ẹni tó gbéra á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, wọ́n á fún un lómi mu, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó di pé ó sọ ohun tó bá wá. GSM gé ìrìn yẹn kúrò, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣì ni ẹnì kan ń pè: bí ìwà Bàbá Kékeré bá dùn yín, etí wọn nìkan lẹ ń sọ ọ́ sí. BBM, ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ orí fóònù BlackBerry, gbòde ní nǹkan bí ọdún 2010, àwọn ọ̀dọ́ ló lò ó jù. WhatsApp ló wá kó àwọn àgbà wọlé, torí pé nọ́ńbà fóònù lásán ló ń béèrè, kò fẹ́ ímeèlì, kò fẹ́ páásíwọ́ọ̀dù, àti pé láti 2013 ni ènìyàn ti lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí rẹ̀ láìtẹ lẹ́tà kankan.

Ní ti àbẹ̀wò, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru WhatsApp. Ẹni tó ń kúrò n'Ìkòròdú kí ilẹ̀ tó mọ́ kó lè débi iṣẹ́ l'Erékùṣù, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ sì tún dá dúró ní ìrọ̀lẹ́, kò ní okun àtiyà sílé ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, owó ọkọ̀ nìkan ti tó láti dá èèyàn jókòó sílé. Gúrúùpù kàn fún wa ní àwáwí tó dùn mọ́ni létí ni: "A ṣáà jọ ń ríra lórí WhatsApp."

Ìtúfọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó dùn yín jù ṣáájú. Títúfọ̀ ti ní ètò nílẹ̀ Yorùbá kí fóònù tó dé: ọmọ òkú, ọkọ tàbí aya, àwọn ọmọ ìyá, olórí ẹbí, mọ́gàjí bó bá jẹ́ agboolé Ìbàdàn, àna àti ará àdúgbò ló ń gbẹ̀yìn. Wọn kì í sì í là á mọ́ ọmọ òkú lórí gbàgà. Wọ́n á ní kó máa bọ̀ wálé, pé ara màmá ò yá, wọ́n á ti fi àgbà méjì jókòó dè é.

Sítátọ́ọ̀sì kò mọ ètò yìí. Ẹni tó gbé àwòrán olóògbé àti àbẹ́là síbẹ̀ lè rò pé àwọn ọ̀rẹ́ òun lòún ń sọ fún, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà wọn lórí fóònù, tí àwọn náà sì ní tirẹ̀, ni yóò rí i fún wákàtí 24, àfi bó bá ti lọ yọ orúkọ wọn kúrò nínú "Status privacy". Kì í ṣe ìkà ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ọ̀fọ̀ wúwo lọ́kàn, fóònù sì wà lọ́wọ́. Torí náà, ìbáwí nìkan kò lè dá a dúró. Àfi kí ẹ fún ẹbí ní ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ náà.

Ohun náà ni ìpè. Iye yín rọrùn láti pín. Olórí ẹbí, tàbí ẹni tí wọ́n bá yàn, á pe ènìyàn mẹ́jọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́jọ náà á pe mẹ́jọ mìíràn. 8 àti 64 jẹ́ 72, ẹ fi ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kún un, ó di 73. Bí ìpè kan bá gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú 40 ni ẹni àkọ́kọ́ máa lò, 40 mìíràn ni ti àwọn mẹ́jọ, ìyẹn ni pé gbogbo ẹbí á ti gbọ́ láàárín wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹni tó bá pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì tí kò gbé e á dá orúkọ rẹ̀ padà fún ẹni tó wà lókè òun, kò ní fi àtẹ̀jíṣẹ́ sílẹ̀. Ibi tí ètò yìí ti sábà máa ń já ni ọ̀dọ̀ ẹni tó gbọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, tó gbàgbé àwọn mẹ́jọ tirẹ̀. Nítorí èyí, ẹ má fi ọmọ òkú tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ sí ipò apeni. Àna, ìyàwó ilé àti àwọn ìbátan tó jìn díẹ̀ ló yẹ ibẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sórí ìwé, kí àwọn mẹ́jọ náà ní ẹ̀dà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, WhatsApp, Facebook àti Instagram dákẹ́ káríayé fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ẹni tó jẹ́ pé orí gúrúùpù nìkan ló ti mọ nọ́ńbà ìbátan rẹ̀ kò rí ẹnikẹ́ni pè. Fún àwọn tó wà ní Nàìjíríà, ẹ fi ìpè lásán pè wọ́n, nítorí ìpè WhatsApp kò ní dún lọ́dọ̀ ẹni tí dátà rẹ̀ ti tán.

Fún ọmọ òkú tó wà lókè òkun, ẹ kọ́kọ́ wá ẹnì kan nítòsí rẹ̀, ọ̀rẹ́ tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí rẹ̀, kí ẹni náà máa lọ bá a nílé. Lẹ́yìn náà ni kí àgbà kan pè é, ìbéèrè méjì ni kó sì fi ṣáájú: "Níbo lo wà? Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?" Bó bá ń wakọ̀, kó ní kó padà pe òun tó bá ti páàkì. Ẹ wo aago pẹ̀lú: aago mẹ́fà àárọ̀ n'Ìbàdàn jẹ́ aago méjìlá òru ní Houston nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago mọ́kànlá alẹ́ sì ni nígbà òtútù. Ti London kò jìn sí tiwa. Wákàtí kan péré ni wọ́n fi ń rẹ̀yìn nígbà òtútù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì bá tiwa mu rẹ́gí.

Ìgbà tí olórí ẹbí bá fi ìkéde síta nìkan ni sítátọ́ọ̀sì lè bẹ̀rẹ̀. Kí ìkéde náà ní orúkọ olóògbé, ọjọ́ orí, ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti ẹnì kan tí wọ́n lè pè. Kò gbọ́dọ̀ sí àwòrán òkú. Nọ́ńbà àkáǹtì kò sì gbọ́dọ̀ sí nínú ìkéde kan náà. Ó burú lójú, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni olóògbé, tí wọ́n máa sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ má dúró de ènìyàn 72: bí àwọn ọmọ, ọkọ tàbí aya, àti ọmọ ìyá bá ti gbọ́, ẹ kéde.

Gúrúùpù méjì

Ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ wà fún ẹ̀fẹ̀, àwòrán àti ìkíni. Ẹ dá tuntun sílẹ̀, kí ẹ pè é ní "Ìkéde Ẹbí", kó jẹ́ pé ádímíìn nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Ẹ má gbìyànjú àtisọ ti àtijọ́ di ti ìkéde, nítorí ọwọ́ tí ènìyàn ti fi ń tẹ nǹkan síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kò ní gbọ́ràn. Bí ẹ bá ti dá tuntun náà sílẹ̀, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ lókè, ẹ wọ "Group permissions", kí ẹ pa "Send new messages" fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Níbẹ̀ náà ni kí ẹ ti pa àyè fífi ènìyàn kún un, kí ọmọ kan má baà mú àfẹ́sọ́nà oṣù méjì wọlé wá ka ọ̀rọ̀ ilé.

Ádímíìn mẹ́ta ló tó: àgbà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwúwo, ọ̀dọ́ kan tó mọ fóònù lò, àti ẹnì kan ní òkè òkun tí ojú rẹ̀ lè là nígbà tí ẹ̀yin bá sùn. Ẹyọ kan kò dára. Bí ádímíìn kan ṣoṣo bá kúrò, WhatsApp á kàn fi ẹnikẹ́ni jọba ni. Àwọn ọ̀dọ́ yín lè dábàá "Community" tó dé ní 2022, èyí tó lè kó gúrúùpù púpọ̀ sábẹ́ orúlé kan. Ó wúlò fún ẹ́sítéètì tàbí ìjọ. Fún ènìyàn 73, yóò kàn da àwọn àgbà lójú rú ni.

Ẹni tó bá kúrò nínú gúrúùpù, ẹ má tún fà á wọlé lójú ẹsẹ̀. Láti 2022, ádímíìn nìkan ni WhatsApp ń sọ fún tí ènìyàn bá jáde; kí ádímíìn náà pè é, kó gbọ́ tẹnu rẹ̀, kó má sì kéde rẹ̀.

Tíìkì tó ń dá ìjà sílẹ̀

Ó yẹ kí gbogbo ẹbí mọ èyí, nítorí ìjà tó ń tinú rẹ̀ jáde pọ̀. Tíìkì kan túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ yín, kò tíì dé fóònù ẹni náà. Bóyá dátà rẹ̀ ti tán, bóyá iná ò sí láti fi ṣáàjì fóònù. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti búlọ́ọ̀kù yín. Méjì tí kò ní àwọ̀ búlúù, ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Méjì aláwọ̀ búlúù, ó ti ṣí i. Nínú gúrúùpù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: tíìkì kejì kì í jáde àfi bó bá dé fóònù gbogbo ènìyàn, kì í sì í di búlúù àfi tí gbogbo wọn bá ti kà á. Fóònù ẹnì kan ṣoṣo tó bàjẹ́ ní Abẹ́òkúta ti tó láti fi ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ ní tíìkì kan títí láé, kí àgbà kan sì máa ráhùn pé wọn ò ka òun sí. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ yan "Info". Ẹ ó rí orúkọ àwọn tó ti kà á àti àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó ti pa tíìkì búlúù lórí fóònù rẹ̀ kò lè fi ara pamọ́ nínú gúrúùpù. Ibẹ̀ á ṣì fi hàn pé ó ti kà á.

Kíkà kì í sì í ṣe ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ ló ti pa ariwo gúrúùpù mọ́ fóònù wọn lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí títí ayé, tí wọ́n á wá fi ọjọ́ Àìkú kà á lákàpọ̀. Ẹ fi òfin kan lélẹ̀: ohun tó bá ń béèrè èsì láàárín ọjọ́ kan, ìpè ni.

Bí ìjà bá bẹ́, ádímíìn á pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, á sì pe àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò ní dá ẹjọ́ sójú gúrúùpù. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Gúrúùpù kò sì ní ojú tí a lè wò ká fi mọ̀ pé àwàdà lẹnì kan ń ṣe. Ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ ní ìṣẹ́jú 15 láti tún un ṣe, ó sì ní nǹkan bí ọjọ́ méjì ààbọ̀ láti pa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè pa èyí tí ẹlòmíì ti yà láwòrán lójú fóònù. Àgbà tó bá ṣì sọ, ẹ má tún un sọ níbẹ̀, pàápàá níṣojú àwọn àna. Ìyẹn ló ń sọ àṣìsọ di ọ̀tá.

Fóìsì nóòtì

Inú fóìsì nóòtì ni ọ̀pọ̀ ìjíròrò ẹbí Yorùbá ń gbé báyìí, kò sì yani lẹ́nu. Ẹni tó ń tẹ Yorùbá láìsí àmì ohùn àti àmì abẹ́ ń fún ẹni tó ń kà á ní iṣẹ́ méjì. Ohùn gbé gbogbo rẹ̀: ìkíni, oríkì, ìmí ẹ̀dùn, àti bí ara ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣe rí. Ohùn màmá tó ní òtútù, ẹ ó mọ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò ṣeé wò fìrí. Ẹni tó wà nínú dáńfó ní Kẹtu, tí fóìsì nóòtì ìṣẹ́jú méje dé bá, kò mọ̀ bóyá ikú ni, bóyá owó ni, bóyá ìkíni lásán ni. Bó bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ọkọ̀ á jọ gbọ́ bí àǹtí ṣe ń ṣépè fún oníṣòwò aṣọ. Ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n bá gbé fóònù sétí bí ẹni tó ń gba ìpè, etí wọn nìkan ló máa gbọ́. Ẹ jẹ́ kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ nínú gúrúùpù, kí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́ sọ ẹni tó wà fún àti ohun tí a ń fẹ́, kí ìkíni gígùn tẹ̀lé e. Mo mọ̀ pé èyí lòdì sí ìṣe wa, ìkíni ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ fi "Ẹ káàárọ̀ o, ẹbí" kan ṣáájú, kí ẹ gbé ìyókù sẹ́yìn. Iye owó, ọjọ́, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà àkáǹtì kò gbọ́dọ̀ wà nínú ohùn nìkan; ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlòmíì má baà gbọ́ "ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta" sí "ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin". Bí inú bá ń bí yín, ẹ gbọ́ ohùn náà fúnra yín kí ẹ tó fi ránṣẹ́. WhatsApp fàyè gba èyí.

Owó àti gbájúẹ̀

Ìjà aṣọ ẹbí yín, mà, mo lè fojú inú wo bó ṣe lọ: ẹnì kan sanwó láìkọ orúkọ, olùgbowó ní òun ò rí i, ó kọ orúkọ onígbèsè síta, ẹni náà sì bú u. Ohun tó ń dá a dúró ni pé kí olùgbowó fún ádímíìn ní iye owó, iye yáàdì, ọjọ́ ìparí àti nọ́ńbà àkáǹtì kan ṣoṣo, kí ádímíìn fi wọ́n sínú Ìkéde Ẹbí, kí ẹni tó ń sanwó kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ayẹyẹ síbi àlàyé owó náà. Ìwé orúkọ tó bá máa jáde, àmì "ó ti san" nìkan ni kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ owó ìrànwọ́ ìsìnkú tàbí ti àìsàn, ẹ má kọ iye síta láé: ẹni tó fi ₦5,000 sílẹ̀, tí wọ́n to orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ẹni tó fi ₦200,000, kò ní dá nígbà mìíràn. Ẹ sì fi ègé aṣọ náà ránṣẹ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọ̀ tó wà lójú fóònù kì í sábà jọ ti aṣọ.

Ní ti àwọn oníjìbìtì, bí wọ́n ṣe ń wọlé rèé. Ọ̀rọ̀ á wá láti nọ́ńbà ẹni tí ẹ mọ̀: "E kaaro ma. E jowo mo fi code kan ranse si yin lasise, e ba mi fi pada." Kóòdù oníye mẹ́fà náà ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp ẹ̀yin fúnra yín. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́, wọ́n á lé yín jáde, wọ́n á sì fi orúkọ yín tọrọ owó "kíákíá" lọ́wọ́ ẹni 72. Kí gbogbo ẹbí lọ sí Settings, Account, "Two-step verification", kí wọ́n fi nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n á rántí síbẹ̀, tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ ná, ádímíìn á kọ́kọ́ yọ nọ́ńbà náà kúrò nínú gúrúùpù méjèèjì. Ẹni tí wọ́n jà lólè á tún fi nọ́ńbà rẹ̀ wọ WhatsApp, kóòdù tuntun á wọlé sórí síìmù rẹ̀, bó bá sì ti tẹ̀ ẹ́, olè ti jáde. Bí olè bá ti fi PIN tirẹ̀ dè é, ọjọ́ méje ni onílé máa fi dúró kó tó lè wọlé, ṣùgbọ́n olè náà kò lè lò ó mọ́. Kó wo "Linked devices" pẹ̀lú, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó so mọ́ WhatsApp rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè owó lórí WhatsApp, ẹ pe nọ́ńbà rẹ̀ gidi kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Àwọn tó kó lọ London ńkọ́? Síìmù Nàìjíríà tí wọn kò lò fún oṣù mẹ́fà lè di pípa, nígbà tó bá sì yá iléeṣẹ́ fóònù lè tà á fún ẹlòmíì. Kí wọ́n lo "Change number" nínú Account kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá Kékeré

Ẹ má bá wọn wí, ẹ fún wọn níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí àdúrà àárọ̀ jẹ́ tiwọn, ẹyọ kan, aago méje. Àgbà tó ní ipò kì í wá ariwo. Ní ti àwọn ìròyìn ìlera tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, ẹ wo ọfà tó wà lórí rẹ̀: ọfà méjì túmọ̀ sí pé ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, WhatsApp kò sì jẹ́ kí a fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tó ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan láti 2020. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeré. Ní 2014, nígbà Ebola, wọ́n tan án ká pé omi iyọ̀ ni àbò, àwọn kan mu ún, wọ́n sì kú. Ìkọ̀kọ̀ ni kí ẹ ti kọ ọ́ sí wọn: "Ẹ kú àdúrà, sà. Mo rí ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn. Mo bi dókítà kan, ó ní ó lè pa ènìyàn lára. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa sọ fún àwọn ará ilé." Wọ́n á fúnra wọn kìlọ̀ fún àwọn ará ilé. Bẹ́ẹ̀ ẹ sì lè ṣírò owó fún wọn: fídíò MB 15 tí ènìyàn 72 ṣí jẹ́ MB 1,080, ó ju GB kan lọ. Láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí àfikún ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún sórí owó ìpè àti dátà ní oṣù kìíní 2025, ìyẹn kì í ṣe owó kékeré. Kí kálukú pa "Media auto-download", èyí tó ń fa àwòrán àti fídíò wọlé fúnra rẹ̀, lórí fóònù rẹ̀.

Màmá

Wọn ò sí nínú gúrúùpù, ìyẹn kò sì burú. Ohun tó burú ni pé ẹ̀yin ọmọ ń rí àwòrán wọn níbẹ̀, ọkàn yín sì ń sọ pé ẹ ti kí wọn. Ẹ pín ọjọ́: ọmọ márùn-ún, Ajé sí Ẹtì, ẹnì kan lọ́jọ́ kan, aago méje alẹ́, ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kì í ṣe láti inú ọkọ̀. Ẹni tó ni Ọjọ́rú á ka ìròyìn gúrúùpù fún wọn: ẹni tó bímọ, ẹni tó ríṣẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ti ẹni tó bá máa lọ síbẹ̀. Nínú ètò ìtúfọ̀, ẹ má fi màmá sábẹ́ ìpè. Kí ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde rìn lọ bá wọn, kó tó di pé aládùúgbò tó ní fóònù ńlá wá bá wọn kẹ́dùn.

Bí wọ́n bá fúnra wọn béèrè fóònù ńlá, ẹ rà á. Ẹ sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, ẹ fi PIN sí i, kí ọmọ kan kọ PIN náà sínú ìwé. Ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ́ wọn lóṣù àkọ́kọ́: bí wọ́n ṣe ń gbé ìpè olójúkojú, bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń wo àwòrán. Ẹ sọ fún wọn pé kóòdù tó bá wọlé, ọmọ wọn gan-an ò gbọdọ̀ béèrè rẹ̀ lórí fóònù.

Bí ẹ ó ṣe gbé e kalẹ̀

Ìpàdé ẹbí lójúkojú ni kí ẹ ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí olórí ẹbí bá kọ̀, ẹ dá a dúró. Òfin tí àkọ́bí nìkan gbé jáde lórí fóònù kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bí wọ́n bá gbà, kí olórí ẹbí fi èyí ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí àwọn tí kò wá má baà ti ẹnu ẹlòmíì gbọ́ ọ:

"Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. A fẹnu kò lónìí lórí ohun márùn-ún. Ìkéde Ẹbí ti wà fún ọ̀rọ̀ pàtàkì. Bí ẹnì kan bá ṣaláìsí, ìpè ni yóò ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má gbé e sí sítátọ́ọ̀sì kí n tó kéde. Ọ̀rọ̀ owó, ẹ pe olùgbowó. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ̀ yín, ẹ pe ẹni náà tàbí ẹ pè mí. Ẹ̀fẹ̀ àti àwòrán, ẹ máa bá a lọ níbí."